Ìgò Kan, Ara Mẹ́ta: Ìbéèrè Yín Lórí Lọ́fínńdà Ọ̀pọ̀tọ́

Láti ìgbà tí a ti mẹ́nu ba lọ́fínńdà olóròóró lójú ewé yìí ni lẹ́tà ti ń dé láti ìlú dé ìlú ní Èkìtì, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn dá lórí oríṣi kan ṣoṣo, èyí tí òórùn rẹ̀ jọ ti èso ọ̀pọ̀tọ́ pẹ̀lú ti ilẹ̀ tútù, tí àwọn oníṣòwò ń tà nínú ìgò kékeré tí bọ́ọ̀lù irin máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà nìyí. Èyí tí ó wá láti Adó-Èkìtì ni a fi ṣíwájú, ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sì gùn jù, nítorí pé òun ni ó kó ọ̀rọ̀ náà pọ̀ jù.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú ọ̀wọ́n, mo kí yín o. Èmi àti àbúrò mi obìnrin dá owó jọ ra ìgò òróró olóòórùn ọ̀pọ̀tọ́ kan ní Ọjà Ọba, ní Adó-Èkìtì. Nígbà tí àbúrò mi fi pa ọrùn ọwọ́, ó ń ta sánsán bí èso tí ó pọ́n tí wọ́n ta oyin sí, débi pé àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń béèrè ohun tí ó fi para. Nígbà tí ó kan èmi, òórùn ewé tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kò sì pẹ́ tí ó fi di òórùn erùpẹ̀ tí òjò rọ̀ sí. Oyin inú rẹ̀ kò hàn rárá. Màmá wa pa á sí ẹ̀yìn etí ní tiwọn, òórùn àgbọn nìkan ni a gbọ́ lára wọn, nígbà tí ó sì fi máa di ọ̀sán, kò sí nǹkan kan mọ́. Àbúrò mi ní awọ ara mi ni kò dára, èmi sì ní ẹni tí ó tà á fún wa ti lú u. Ta ni ó jàre nínú wa? — Olùkọ́ kan, Adó-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Kò sí ẹni tí ó jàre nínú ẹ̀yin méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó tà á ti fi òróró mìíràn lú u ni, ì bá ti rọ̀ lára gbogbo yín pátá, kò ní máa ta sánsán lára àbúrò yín títí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi máa béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni awọ ara yín kò ní àléébù kankan. Ohun tí ó wà nínú ìgò yẹn kì í ṣe òórùn kan ṣoṣo, àkójọpọ̀ òórùn ni, ara kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń pinnu èyí tí yóò yára lọ nínú wọn àti èyí tí yóò dúró.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Èso ọ̀pọ̀tọ́ kì í ṣe èso tí a lè fún kí òróró olóòórùn jáde lára rẹ̀ bí a ti ń fún èèpo ọsàn, nítorí náà ẹni tí ó ń po lọ́fínńdà ni ó máa ń kó oríṣiríṣi èròjà jọ kí ó tó lè rí òórùn náà mú jáde. Ní ìlú Paris, lọ́dún 1994, ni obìnrin kan tí ń jẹ́ Olivia Giacobetti po Premier Figuier fún ilé iṣẹ́ L'Artisan Parfumeur, èyí tí àwọn tí ó mọ̀ nípa lọ́fínńdà kà sí àkọ́kọ́ nínú àwọn tí wọ́n gbé ka orí igi ọ̀pọ̀tọ́. Lọ́dún 1996, tí í ṣe ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì tiwa sílẹ̀, obìnrin yìí kan náà tún po Philosykos fún Diptyque, ọ̀pọ̀ òróró ọ̀pọ̀tọ́ tí ó wà lọ́jà lónìí ni ó sì ń tọ ọ̀nà tí ó là. Ewé ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde nínú wọn. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní stemone, tí òórùn rẹ̀ jọ ti ewé ọ̀pọ̀tọ́ tí a fi ọwọ́ ra, wọ́n sì tún máa ń fi èyí tí òórùn rẹ̀ jọ ti koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kún un. Àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní lactone ni ó tẹ̀ lé e. Òórùn wàrà àti ti àgbọn ni tiwọn, àwọn kan nínú wọn sì jọ èso tí ó ti rọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni gbòǹgbò koríko vetiver wà, èyí tí wọ́n ń gbìn ní Haiti àti ní erékùṣù Java, pẹ̀lú ewé patchouli láti Indonesia, igi kédárì àti mísíkì. Vetiver àti patchouli ni ó ń fún un ní òórùn ilẹ̀ jù.

Gbogbo wọn kì í kúrò lára lẹ́ẹ̀kan náà. Bí èrò ọjà ni wọ́n rí, tí ẹni tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ ń kọ́kọ́ lọ, tí ẹlẹ́rù wíwúwo sì ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òórùn ewé lè ti lọ kí ìdajì wákàtí tó pé. Ti àgbọn àti èso lè lo wákàtí díẹ̀. Vetiver, patchouli àti mísíkì lè wà lára títí di alẹ́. Ibi tí ara wa ti wọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé púpọ̀ nínú àwọn èròjà olóòórùn wọ̀nyí ń yọ́ sínú ọ̀rá. Ara tí ó bá ní ọ̀rá yóò di àwọn ti àárín mú, wọn yóò sì máa jáde díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ara gbígbẹ kò ní ohun tí yóò fi dì wọ́n mú, nítorí náà gìrìgìrì ni wọ́n ń sá kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí iwájú orí àbúrò yín àti ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ bá máa ń dán kí ó tó di ọ̀sán, ara ọlọ́ràá ni tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni oyin àti èso tí ẹ ń gbọ́ ti ń rí ibi jókòó sí. Ní tiyín, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ni mo kọ́kọ́ fura sí. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ̀wé sí ojú pátákó láti àárọ̀ yóò máa fọ ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà tí ó bá ti kíláàsì jáde, lẹ́búlẹ́bú ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ sì máa ń fa ọ̀rá mu. Bí omi àti ọṣẹ bá ti gba orí ọrùn ọwọ́ kọjá lẹ́ẹ̀mélòó kan, òórùn tí ó wà láàárín ti bá omi lọ, ìpìlẹ̀ nìkan ni yóò kù, ìyẹn erùpẹ̀ tí ẹ̀ ń sọ. Ẹ gbìyànjú kí ẹ pa á sí kọ́rọ́ ìgbọ̀nwọ́ tàbí sí àyà, níbi tí ṣọ́ọ̀kì kò lè dé.

Ti Màmá ni ó wù mí láti dúró lé lórí. Awọ ara àgbà obìnrin kì í ní ọ̀rá tó ti ọ̀dọ́, pàápàá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi òrí ṣeré. Òrí ní òórùn tirẹ̀ tí ó wúwo díẹ̀. Bí òórùn àgbọn inú lọ́fínńdà bá pàdé rẹ̀, wọn a wọnú ara wọn, imú kò sì ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Bí Màmá bá sì tún fi Robb pa ọrùn tàbí iwájú orí kí wọ́n tó sùn, kò sí òórùn ewé tí ó lè borí Robb ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Èyí tí ó kù ni ti ẹ̀yìn etí. Bí wọ́n bá ti wé gèlè tán, etí ti bọ́ sábẹ́ aṣọ nìyẹn, aṣọ ni yóò sì fa òróró náà mu. Ẹ mú gèlè tí wọ́n wé lọ́jọ́ náà, kí ẹ gbé apá tí ó bo etí súnmọ́ imú. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá vetiver àti mísíkì tí ẹ ń wá nínú ìṣẹ́po aṣọ níbẹ̀, nítorí pé aṣọ kò gbóná bí ara, kò sì ní òógùn, ohun tí ó bá fà mu máa ń pẹ́ lára rẹ̀.

Ooru ara náà ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Inú ara ènìyàn a máa wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n ojú awọ ara kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń wà ní 32 sí 35, bí ó bá sì ti gbóná tó ni òórùn ń yára gbéra tó. Ẹni tí ó pa á ní àárọ̀ kùtùkùtù ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí atẹ́gùn orí òkè ti ń fẹ́, yóò rí i pé ó ń jáde pẹ̀lú sùúrù. Ẹni tí ó pa irú kan náà tí ó sì rin ọjà nínú oòrùn ọ̀sán yóò rí i pé gbogbo ewé àti èso ti lọ kí ó tó ra ẹrù tán. Nígbà ọyẹ́, ara gbígbẹ a tún gbẹ sí i, ẹ ó sì rí i pé lọ́fínńdà yín kò níí pẹ́ rárá bí ẹ kò bá kọ́kọ́ fi ìpara tí kò ní òórùn pa ojú ibẹ̀. Faselíìnì lásán tó.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé kíkan tí ó wà lójú awọ ara, tí àwọn onímọ̀ ń fi pH wọ̀n, ni ó ń yí gbogbo nǹkan padà. Èmi kò fi gbogbo ẹnu gba èyí. Awọ ara tí kò ní àrùn sábà máa ń kan díẹ̀, láàárín 4 sí 6, ìyàtọ̀ tí ó wà láti orí ẹnì kan sí ẹnì kejì kò sì tó ohun tí à ń pariwo lé lórí. Òótọ́ ni pé ọṣẹ dúdú, tí a fi eérú ṣe, a máa dín kíkan yẹn kù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mélòó kan ni ara yóò ti tún un ṣe. Bí òórùn bá yí padà lára yín lẹ́yìn tí ẹ fi ọṣẹ dúdú wẹ̀, ohun tí mo rò ni pé ó ti bó ọ̀rá ara yín lọ. Oúnjẹ náà ń kó ipa díẹ̀: ẹni tí ó jẹ aáyù púpọ̀ ní alẹ́ yóò máa mí in jáde, òógùn rẹ̀ pàápàá yóò gbé e, kò sì sí èso ọ̀pọ̀tọ́ tí yóò bá aáyù gbé pọ̀ ní ìrọ̀rùn.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìjà parí láàárín ẹ̀yin méjèèjì, ẹ yan ọjọ́ Sátidé kan tí kò sí ẹni tí ń lọ ibi kankan. Kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ọṣẹ kan náà wẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òrí tàbí ìpara para, kí olúkúlùkù sì yí bọ́ọ̀lù ìgò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí kọ́rọ́ ìgbọ̀nwọ́. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ra á, ẹ jẹ́ kí ó jókòó fúnra rẹ̀. Kí ẹ gbóòórùn rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́yìn ìdajì wákàtí, kí ẹ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Kí ẹ pe ọmọ aládùúgbò kan tí kò mọ ẹni tí ó sọ kí ni, kí ó di ojú, kí ó sì sọ ohun tí ó gbọ́, nítorí pé ẹni tí ó ti pinnu pé òun jàre kì í gbọ́ òórùn mìíràn lẹ́yìn èyí tí ó fẹ́ gbọ́. Ìyàtọ̀ yóò ṣì wà láàárín yín, ṣùgbọ́n yóò kéré gan-an sí èyí tí ẹ kọ sí wa.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, awakọ̀ ni mí láàárín Ìkéré sí Adó. Oníbàárà mi kan fi òróró ọ̀pọ̀tọ́ yìí ta mí lọ́rẹ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín wákàtí kan, n kò ní gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, nítorí náà mo máa ń tún un pa ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé gáréèjì. Ìyàwó mi wá ń sọ pé bí mo bá wọlé ní alẹ́, bí ẹni tí ó wúlẹ̀ ebè bọ̀ ni òórùn mi rí. Ṣé lọ́fínńdà náà ti bàjẹ́ ni? — Awakọ̀, Ìkéré-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Kò tíì bàjẹ́, ìyàwó yín náà kò sì purọ́ mọ́ yín. Òórùn tí imú ènìyàn bá ń gbọ́ láìdáwọ́ dúró a máa sú u. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí kì í fi gbọ́ òórùn gàrí mọ́, tí àlejò sì ń gbọ́ ọ láti òkèèrè. Bí ó bá ti tó wákàtí kan tí ẹ ti wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú òórùn yẹn, imú yín ti pa á tì, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lára yín. Ohun mìíràn tún ni pé àwọn ènìyàn kan wà tí imú wọn kò lè gbọ́ irú mísíkì kan rárá láti ìgbà tí a ti bí wọn, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó, ẹlòmíràn yóò sì máa gbọ́ mísíkì yẹn ketekete lára wọn.

Nígbà tí ẹ bá wá ń tún un pa, ewé àti èso tuntun tí ẹ fi kún un kò ní pẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ti ìsàlẹ̀ kò tíì lọ kí òmíràn tó dé bá a. Tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, vetiver àti patchouli àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti ìrọ̀lẹ́ ti jókòó lé ara wọn lórí, wọ́n sì ti po mọ́ òógùn inú ẹ̀wù. Òógùn fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òórùn nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ń gbé lójú awọ ara, pàápàá lábẹ́ abíyá, ni ó ń sọ ọ́ di ohun tí ń rùn. Òróró ilẹ̀ àti òógùn àtàárọ̀, ẹ ó rí i pé ebè ti dé ilé nìyẹn. Ẹ pa á lẹ́ẹ̀kan ní àárọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá wẹ̀ tán, sí àyà lábẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì, kí ẹ má ṣe pa á sí abíyá, bí ẹ bá sì máa tún un pa rárá, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yín bóyá ó ṣì ń gbọ́ ọ. Ẹ má sì ṣe gbé ìgò náà sí iwájú ọkọ̀ níbi tí oòrùn ti ń pa á, nítorí pé ibẹ̀ ni yóò ti bàjẹ́ lóòótọ́, òórùn epo tí ó ti pẹ́ jù ni ẹ ó sì fi mọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Igi ọ̀pọ̀tọ́ wà lẹ́yìn ilé tí a ń gbé, tí èso rẹ̀ ń so mọ́ ìtì igi. Ṣé mo lè rẹ ewé àti èso rẹ̀ sínú òróró àgbọn, kí n fi para, dípò kí n máa náwó? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yẹ́-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má dán an wò. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀pọ̀tọ́ tí ó wà lẹ́yìn ilé yín, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ficus sur, kì í ṣe igi tí àwọn oní-lọ́fínńdà ń sọ. Ti wọn ni Ficus carica, èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ẹ̀bá òkun Mẹditaréníà. Ẹbí ni wọ́n, ṣùgbọ́n òórùn wọn kì í ṣe ọ̀kan. Èkejì, tí ó sì ṣe pàtàkì jù, ni pé ewé Ficus carica ní èròjà kan tó jẹ́ pé bí ó bá kan ara, tí oòrùn sì tàn sí ibẹ̀, yóò jó awọ ara bí ẹni pé omi gbígbóná dà sí i. Ibẹ̀ a wú, a lé ròrò, àpá dúdú rẹ̀ a sì pẹ́ kí ó tó lọ. Nítorí èyí ni àjọ IFRA, tí ń ṣe òfin lílo èròjà olóòórùn fún àwọn ilé iṣẹ́ lọ́fínńdà lágbàáyé, fi ka á léèwọ̀ láti fi ojúlówó òróró ewé rẹ̀ sínú lọ́fínńdà. Oje funfun tí ń jáde lára àwọn igi ẹbí yìí náà lè yún ènìyàn. Owó tí o bá ń tọ́jú fún ìgò kékeré kan kò tó owó tí o máa gbé lọ sí ilé ìwòsàn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ti ọkùnrin ni lọ́fínńdà ọ̀pọ̀tọ́ ni, àbí ti obìnrin? — Ọ̀dọ́mọkùnrin, Ìjerò-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ẹni tí ó bá fi owó rẹ̀ rà á ni ó ni ín. Bí ìwọ bá fẹ́ kí ti ilẹ̀ hàn ju ti èso lọ, béèrè èyí tí vetiver pọ̀ nínú rẹ̀, kí o sì gbóòórùn rẹ̀ lára rẹ lẹ́yìn wákàtí méjì kí o tó sanwó. Ẹni tí kò bá gbà kí o dúró, fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìyàwó àbúrò ọkọ mi yóò ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, léèsì funfun ni a sì fẹ́ wọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí òróró yìí má bàa kán sí i. Kí ni kí n ṣe? — Ìyálé, Ìkọ̀lé-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó o, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ó dùn. Ẹ pa òróró náà nígbà tí ẹ ṣì wà nínú ìró, ní ẹ̀yìn ọrùn àti ní kọ́rọ́ ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ sì jókòó títí yóò fi wọ ara kí ẹ tó gbé léèsì wọ̀. Òróró tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí oyin ni ó máa ń ba aṣọ funfun jẹ́ jù. Ẹ kán an sí ara aṣọ inú funfun kan tí ó ti gbó ní alẹ́, ẹ ó rí bí ó ti rí ní òwúrọ̀. Bí ó bá wá ṣèèṣì kán sí léèsì náà, ẹ má fi omi pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ da pọ́dà sí i kí ó fa òróró náà mu, ẹ gbọn ọ́n dànù lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kí ẹ tó fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ fọ ojú ibẹ̀ jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn aṣọ.